Oníbodè Àná, Aṣọ́bodè Òní

Ọkọ̀ tó gbéra ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó dorí kọ Ọ̀yọ́, kò ní ààlà orílẹ̀-èdè kankan tó máa kọjá. Síbẹ̀, ẹ wo bí dẹ́rẹ́bà ṣe máa ń rọra ṣe bó bá rí Hilux kan lẹ́bàá títì, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú. Inú ọkọ̀ á pa lọ́lọ́. Ẹni tó ní àpò ìrẹsì nínú búùtù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sínú. Kí ni aṣọ́bodè ń wá níbi tí kò sí bodè?

Òfin ló gbé e débẹ̀. Láti 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tí 2017 bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ kún un. Ẹrù tí òfin dè kò lè torí pé ó ti fi ààlà sílẹ̀ kó di ẹrù ẹ̀tọ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì bá orílẹ̀-èdè Benin pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, lọ́wọ́ Ṣakí àti Ìwàjọ̀wà. Ọ̀nà tó ti Ṣakí bọ̀ ń gba Ìsẹ́yìn já sí Ọ̀yọ́. Èyí tó ti Kíṣì bọ̀ ń gba Ìgbẹ́tì já sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnu ọ̀nà ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà, bí wọn ò tilẹ̀ fojú kan ààlà.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Kí òyìnbó tó fa ìlà kankan sórí ìwé, odi ìlú ni ààlà, ẹnu odi ni bodè. Oníbodè ló ń jókòó síbẹ̀. Ó ń bi àlejò léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ilé ẹni tó ń lọ, ó ń gba owó ibodè ní owó ẹyọ, ó sì ń tilẹ̀kùn bí ilẹ̀ bá ṣú. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ lásìkò ogun Ìlọrin, nígbà tí àwọn ará ìletò agbègbè náà ń sá wọnú odi, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ṣi àlejò mọ̀ lè ṣílẹ̀kùn fún ogun.

Richard Lander, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀, arìnrìn-àjò Clapperton, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní January 1826, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láti Àgbádárìgì títí dé ìlú Aláàfin, bodè pọ̀ lójú ọ̀nà bó ṣe pọ̀ nílùú tiwọn. Ẹni tó ru ẹrù nìkan ló ń sanwó. Ó wá fi kún un pé bí olè bá jí ẹrù náà, tàbí tó bá sọnù lọ́nà, àwọn oníbodè ló máa san iye rẹ̀ fún ẹlẹ́rù. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ààbò ni owó ibodè nígbà náà: ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ ti di onídùúró ẹrù rẹ.

Kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn o. Àwọn ayaba tí wọ́n ń ṣòwò lójú ọ̀nà yẹn máa ń fi aṣọ àrà ọ̀tọ̀ kan di ẹrù wọn, oníbodè kò sì gbọdọ̀ gba owó ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn. Ẹlòmíì tó bá dáṣà láti fi irú aṣọ náà dẹrù, ẹrú ló máa dà. Títí dòní, ọ̀kan nínú ohun tó le jù fún aṣọ́bodè ni ẹrù ẹni ńlá tí wọ́n ní kó má tú.

Ìlà tí wọ́n ń ṣọ́ lónìí, Paris ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1889, wọ́n sì parí ti apá òkè ní June 1898, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí Captain Bower, ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn ńlá lu ìlú Ọ̀yọ́. Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ṣakí àti Ìsẹ́yìn bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí odi níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kùn tí èèyàn lè tì lálẹ́. Oko ni, igbó ni, odò ni, àti ẹbí tó wà lọ́tùn-ún lósì.

Ẹ wá fojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé lọ sí Òkèrètè, lẹ́yìn Ṣakí. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni; ó lè jẹ́ ọmọ Borno tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Bó bá jẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹrù ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ Ìmígíréṣọ̀n, èèyàn ni. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 gba ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà láyè láti wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà. Ìyá arúgbó tó gbé agbọ̀n rorí, tó ń lọ síbi ìkómọ ọmọ àbúrò rẹ̀ lódì kejì, kò ní ìwé kankan. Ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà ló ń gbà. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ béèrè, ojú rẹ̀ sì ń sọ fún un pé ìyá yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà ti le.

Ewu rẹ̀, òru ló wà. Àwọn baba wa pe òwò yìí ní fàyàwọ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣe é ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí wọ́n má baà rí i. Lónìí, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn, láìtan iná, pẹ̀lú àpò ìrẹsì mẹ́ta mẹ́rin lẹ́yìn. Ìbọn ti pa aṣọ́bodè, ó ti pa onífàyàwọ́, ó sì ti pa ẹni tó kàn ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti ààlà pa ní August 2019, wọ́n tún ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sílé epo tó wà láàárín 20 km sí ààlà. December 2020 ni wọ́n tó ṣí mẹ́rin padà: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfum. Kò sí ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níhà Ṣakí ló kojú ìbínú àwọn ará abúlé tí epo dín, tí ọjà dá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àbújá ni àṣẹ ti wá.

Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ìrora bodè láti òdì kejì pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ló ń ṣòwò ní Tamale àti káàkiri àríwá Ghana nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba ibẹ̀, pàṣẹ, ní November 18, 1969, pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó fi ogún ọdún kó ilé jọ ní láti tà á ní iye tí wọ́n bá sọ. Wọ́n rọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n bá ọ̀nà ilé. Ibodè Ghana àti Togo, ibodè Togo àti Dahomey (Benin òní), ibodè Dahomey àti Nàìjíríà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi wọ́n níbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Faransé, kí wọ́n tó tún rí ẹni tó kí wọn ní “Ẹ kú àbọ̀.” Ẹrù tó sọnù lọ́nà, kò sí oníbodè tó san án.