Dókítà Tó Ń Wo Fóònù Níwájú Aláìsàn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láàárín wa tí a fẹ́ là yé ara wa. Àwọn kan ní àwọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, àwọn ṣàlàyé àìsàn tán, ni dókítà bá fa fóònù yọ, ó ń kà á. Wọ́n ní, "Èyí ò mọṣẹ́ o!" Ni wọ́n bá dìde, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń ta ankárá nínú wa, ṣé irú èyí tí wọ́n ń rà lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ló ṣì ń kó? Oògùn náà ń yí padà. Ẹ rántí chloroquine tó máa ń mú ara yún wa tí a bá ní ibà. Ní 2005 ni ìjọba ní kí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, torí ibà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Dókítà tó jáde ilé ìwé kó tó di ìgbà yẹn, tí kò sì kàwé mọ́, kí ni ì bá máa fún wa?

Ìdí nìyẹn tí MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, fi sọ pé kí dókítà tó gba láísẹ̀ǹsì tuntun lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìwádìí òyìnbó wọ́n gógó, àmọ́ ní 2002 Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò HINARI sílẹ̀, kí ilé ìwòsàn àti yunifásítì ní ìlú tí kò lówó lè rí i kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú.

Ẹ tún rántí Ebola ọdún 2014. Àìsàn náà kò wọ Nàìjíríà rí. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura sí ọkùnrin tó gbé e wá láti Làìbéríà, kò jẹ́ kó jáde lọ, òun fúnra rẹ̀ sì bá a lọ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Dókítà Ada Igonoh tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà kó o. Níbi tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ní Yábàá, ó ń ka nípa àìsàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó rí i pé omi tó ń tán lára ló ń pa èèyàn, ló bá ń fi tipátipá mu omi ORS, bí dókítà Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ní kó ṣe. Ó yè é.

Fóònù kan náà ló gbé e kiri lóṣù kẹjọ yẹn pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀, ká sì mu ún. Ẹni tó ń ta iyọ̀ nínú wa kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Àwọn kan mu ún kú. Ohun tí dókítà ń kà, àwọn dókítà mìíràn ti yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde. Ta ló yẹ ti wásáàpù wò?

Nítorí náà, tó bá ń ka fóònù, ẹ ní sùúrù, kí ẹ bi í pé, "Dókítà, kí lẹ rí níbẹ̀?" (Tó bá jẹ́ ẹ̀rín ló ń rín sí i, ìyẹn yàtọ̀ o.) Kí ẹ mú páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ẹ sì dárúkọ àgbo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó bóyá oògùn méjì ń bá ara wọn jà, kò sì lè wo èyí tí ẹ fi pamọ́ sílé.