Ẹ Kó Àwọn Ọmọ Lọ Wo Ọ̀sà: Láti Móníyà dé Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí ilé-ìwé bá ti wọ ìsinmi, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn ìyá: níbo ni a ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ? Bí ẹ bá jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, tàbí ará Iyere, odò Ọ̀sẹ̀ ni omi ńlá tí ọmọ yín mọ̀, omi tí èèyàn dúró sí etí kan tó ń rí etí kejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ wo omi tí ojú kò ká. Ọ̀sà Èkó gùn ju 50 kìlómítà lọ, níbi tí ó sì ti fẹ̀ jù, ó tó 13 kìlómítà láti etí dé etí.

Ẹ wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, kí ẹ sùn síbẹ̀, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ ojú irin ní Móníyà láàárọ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ó ti ń kó èrò lọ sí Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó, 157 kìlómítà ni ọ̀nà rẹ̀. Ó tutù nínú, kò sì sí éèéfín. Bí ìyá àgbà bá wà láàárín yín, ẹ ní kí ó sọ ti rélùwéè eléèédú fún àwọn ọmọ, èyí tí èérú rẹ̀ kì í jẹ́ kí aṣọ funfun dé ilé ní funfun.

Ní Ìddó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin náà ní 1896, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902, ọkọ̀ kékeré kan tí oruku omi gbígbóná ń tì bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter wọ àárín ìlú Èkó, ó sì ń rìn bẹ́ẹ̀ títí di 1933. Bí ẹ bá sọ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, ẹ béèrè Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ ní 1898 ni, wọ́n tún un ṣe ní 2010, àwọn àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ ni ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn níbẹ̀, mọ́tò kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan. Ní òpópónà Martins ni Mọ́sálásí Ṣíttà-Bey wà, tí wọ́n ṣí ní 4 July 1894. Alhaji Mohammed Shitta ni ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ni ó sì fún un ní oyè Bey. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà lára ògiri rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá kírun tán níbẹ̀, ibi tí ọkọ̀ omi wà ní Èbúté Èrò kò jìnnà mọ́.

Ẹ gbọ́ mi o, ẹ̀yin ìyá: kí ẹ tó jókòó, ẹ gba ẹ̀wù tí í múni léfòó fún olúkúlùkù, títí kan ọmọ ọwọ́, kí ẹ sì dè é lórí hìjáàbù, kì í ṣe lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò bá ní in, tàbí tí èrò bá ti kún jù nínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má sì rìn lóru. Ojú ọ̀sán ni a fi ń wo nǹkan.

Ọkọ̀ Ìkòròdú ni kí ẹ wọ̀. Bí ó bá ti yọ, afárá Third Mainland yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ejò gígùn, 11.8 kìlómítà. Ní apá òsì ni Òkòbàbá, níbi tí wọ́n ti la gẹdú fún ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́lẹ̀. Ará Ọ̀wọ̀, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀: láti inú igbó ìpínlẹ̀ Oǹdó ni púpọ̀ nínú igi tí wọ́n là níbẹ̀ ti wá. Wọ́n so wọ́n pọ̀ lórí omi, wọ́n sì fà wọ́n gba ojú ọ̀sà dé Èkó. Òrùlé ilé mìíràn l'Ékòó, igi yín ni.

Lẹ́yìn èyí ni Màkókó, ìlú àwọn Ẹ̀gùn apẹja, tí ilé wọn dúró lórí òpó nínú omi. Ọmọ kékeré níbẹ̀ mọ ọkọ̀ wà kí ó tó mọ ìwé kà. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba wó ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Ilé-ìwé orí omi tí Kunlé Adéyẹmí yàwòrán rẹ̀, tí gbogbo ayé ń wá wò láti 2013, wó nínú òjò ńlá ní 2016.

Àwọn apẹja náà ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu, pé àwọn tó ń fa iyanrìn ń da ibi tí ẹja ń bí sí rú. Iyanrìn yìí ni a fi ń sọ omi di ilẹ̀ ilé olówó. Omi ni ibi tí Banana Island wà lónìí tẹ́lẹ̀. Èmi kò ní kí ènìyàn má kọ́lé. Ṣùgbọ́n odò Ògùn kò yéé wá sínú ọ̀sà yìí, odò Ọ̀ṣun kò yéé dà sínú ọ̀sà Lẹ́kí tí ó so mọ́ ọn, ẹnu ọ̀nà òkun l'Ékòó sì ni wọ́n ń gbà jáde. Bí a bá gba àyè wọn, inú yàrá wa ni wọn yóò wá àyè sí nígbà òjò. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ rí ọ̀sà náà nísinsìnyí, bó ṣe fẹ̀ tó.

Láti Ìkòròdú, mọ́tò yóò gbé yín dé Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Títí di òní, àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ń ṣe ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá láti rántí dídé wọn. Bí ẹ bá bọ́ sí àsìkò rẹ̀, a óò fún yín lóúnjẹ títí ẹ ó fi bẹ̀bẹ̀.

Ẹ rìn sọ̀kalẹ̀ sí etí omi lówùúrọ̀, kí ẹ wo bí àwọn apẹja ṣe ń dé, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ọjà ẹja Olúwo. Àwọn obìnrin ló ni ọjà náà: ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, epìyà, ede, tútù àti gbígbẹ. Ẹ má kánjú san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè. Bí ẹ bá fẹ́ ra tútù lọ sílé, ẹ mú kúlà àti yìnyín dání, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ jìn.