Tọ́ọ̀ṣì Kékeré fún Yàrá Ìgbẹ̀bí: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera wa, bí iná bá lọ nígbà tí aboyún ń rọbí, ẹ̀rọ amúnáwá lè pẹ́ kó tó dáhùn, epo inú rẹ̀ sì lè ti tán. Tọ́ọ̀ṣì ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe tan àbẹ́là níbi tí ẹ̀rọ ọ́síjìn wà láé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra tọ́ọ̀ṣì nítorí nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí. Lumen ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde ṣe pọ̀ tó. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lè mú ju 1,000 lumen jáde, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ níbẹ̀: ara rẹ̀ á gbóná, á sì dín ìmọ́lẹ̀ kù fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fún ìgbẹ̀bí tàbí rírán ọgbẹ́, 200 sí 300 lumen tó dúró ṣinṣin ló sàn jù. Tí ẹ bá rí ANSI FL1 lára páálí, ìlànà ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009 ni. Wákàtí tí wọ́n bá kọ lábẹ́ rẹ̀ ń kà títí ìmọ́lẹ̀ náà yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe rò pé yóò mọ́lẹ̀ bákan náà jálẹ̀ gbogbo wákàtí ọ̀hún.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló ká wa lára jù, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń tà á kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ funfun tó fẹ́ jọ búlúù kì í sábà fi pupa hàn bó ṣe rí gan-an. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sun lára ìyálọ́mọ lè rin aṣọ tó dúdú kí ẹ rò pé omi lásán ni, àkókò tó yẹ kí ẹ fi dá a dúró á sì ti lọ. CRI ni wọ́n fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an; ẹ béèrè tọ́ọ̀ṣì tí CRI rẹ̀ tó 90 sókè. 100 ni òpin CRI. Ó lè má mọ́lẹ̀ tó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ òun ni kí ẹ mú. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ CRI, ẹ tan án sí ata rodo tó pọ́n àti sí àtẹ́lẹwọ́ yín níbi tó ṣókùnkùn. Bí ata náà kò bá pupa dáadáa lójú yín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì náà sílẹ̀. Ní ti ibà pọ́njú ọmọ tuntun, tọ́ọ̀ṣì kankan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Inú ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí ẹ ti wo ọmọ náà.

Ọwọ́ méjèèjì ni agbẹ̀bí ń lò, nítorí náà èyí tí wọ́n ń so mọ́ orí ni kí ẹ rà fún yàrá ìgbẹ̀bí. Ẹ má ṣe tan ìmọ́lẹ̀ tó le jù sí ojú aláìsàn tàbí ti ìkókó. Bí ẹ bá rí IPX7 lára tọ́ọ̀ṣì, ó túmọ̀ sí pé tọ́ọ̀ṣì náà lè wà nínú omi tó jìn ní mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Kò sọ pé kí ẹ rì í sínú oògùn apakòkòrò. Ẹ fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nù ún.

Ní ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì, ayédèrú pọ̀ nínú 18650, èyí tó nípọn tó mílímítà 18, tó sì gùn tó 65. Agbára tí ojúlówó rẹ̀ lè gbà kì í sábà ju 3,500 mAh lọ. Èyí tí wọ́n bá kọ 9,900 sí lára, irọ́ ni. Ẹ má ṣe kó bátìrì 18650 sápò pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó wẹ́wẹ́, torí bí irin bá kan orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀, ó lè gbiná. Ẹ má ṣe ṣáàjì rẹ̀ lórí ibùsùn. Níbi tí iná kì í ti í sábà wá, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kan tó ń lo bátìrì AA kún un.



Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ sí ojú kan náà lára ògiri, kí ẹni tó bá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn sì tan án wò kó tó fọwọ́ sí ìwé.