Kí Fọ́ọ̀mù Tó Dé Ọwọ́ Oníléeṣẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dán Fọ́ọ̀mù Orí Íńtánẹ́ẹ̀tì Wò ní Amẹ́ríkà

Bí ìjọba bá béèrè lọ́wọ́ oníléeṣẹ́ kan pé èló ló pa wọlé lọ́dún tó kọjá, tí fọ́ọ̀mù sì sọ pé kí ó yọ òdo mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn kúrò, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó pa 850,000 dọ́là kọ ni 850 péré. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ka ìlà kékeré tí wọ́n fi ṣàlàyé bẹ́ẹ̀. Wọn yóò kọ owó náà tòun ti gbogbo òdo rẹ̀, ẹni tí kò ní ju ṣọ́ọ̀bù méjì lọ yóò sì di ẹni tí ń pa 850 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Àwọn tí ń ṣe ìwádìí okòwò ní Amẹ́ríkà ti mọ àṣìṣe yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n máa gbé fọ́ọ̀mù fún àwọn ènìyàn dán wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Àjọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni Census Bureau, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Suitland, ìpínlẹ̀ Maryland. Kíka ènìyàn ni ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó tún máa ń ka iléeṣẹ́ ní ọdún márùn-ún márùn-ún, nínú ọdún tí ó bá parí sí 2 tàbí 7. Ìwé ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó di ti 2017, wọ́n pa ìwé tì, ó di orí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ti 2022, tí wọ́n gba èsì rẹ̀ ní 2023, dé nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 ibi iṣẹ́. Òfin ló sì sọ ọ́ di dandan. Bí fọ́ọ̀mù náà bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń ta oúnjẹ ní Houston, kò lè sọ pé òun kò ráàyè. Ìjọba pẹ̀lú kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìdáhùn rẹ̀, nítorí pé iye tí ó bá ti ibẹ̀ jáde wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ṣe tóbi tó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dán fọ́ọ̀mù wò? Kì í ṣe pé wọ́n ń pe ọ̀jọ̀gbọ́n jọ kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Irú ẹni tí yóò kọ ọ́ gan-an ni wọ́n ń wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń mú wọn. Wọn yóò gbé fọ́ọ̀mù sí iwájú rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọn yóò ní kí ó máa kọ ọ́ bí ó ṣe máa kọ ọ́ lọ́fíìsì rẹ̀, kí ó sì máa sọ ohun tí ó ń rò síta bí ó ṣe ń lọ. Ẹni tí ń ṣe àkíyèsí yóò jókòó tì í, yóò máa kọ ibi tí ó ti dúró, ibi tí ó ti padà sẹ́yìn, àti ohun tí ó wá tí kò rí. Kò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Èyí ló le jù nínú iṣẹ́ náà, pàápàá fún irú wa tí a kò lè rí àgbàlagbà tí ń tiraka nídìí kọ̀ǹpútà kí a má sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ̀ ẹ́, sà.” Bí ó bá ràn án lọ́wọ́, ìdánwò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, torí kò ní sí ẹni tí yóò bá mílíọ̀nù mẹ́rin yòókù tẹ̀ ẹ́.

Ti iléeṣẹ́ tún yàtọ̀ sí ti ènìyàn lásán. Ẹni tí ń kọ fọ́ọ̀mù lè má jẹ́ ẹni tí ó mọ ìdáhùn. Owó oṣù wà lọ́wọ́ ẹnì kan, ìwé ọjà tí wọ́n tà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀gá sì wà nílùú mìíràn. Nítorí náà, ohun tí òǹkọ̀wé fọ́ọ̀mù kọ́kọ́ ń wá ni bí òun yóò ṣe tẹ gbogbo ìbéèrè sínú ìwé kí òun lè pín in kiri. Fọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí a rí ojú ewé kejì àfi bí a bá kọ ti àkọ́kọ́ tán, ìyà ni ó ń fi jẹ ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ń ti ara rẹ̀ nígbà tí ènìyàn ṣì ń wá ìwé nínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí gbogbo ohun tí ó ti kọ sì pòórá.

Ènìyàn mélòó ló tó fún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀? Jakob Nielsen, ọmọ ilẹ̀ Denmark, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé ènìyàn 5 lè fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣòro hàn. Ní 2001, Jared Spool àti Will Schroeder ta kò ó pé 5 kò tilẹ̀ súnmọ́ iye tí ó yẹ. Lójú tèmi, ó dọ́wọ́ irú ẹni tí a fẹ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé owó alágbàfọ̀ àti ti ilé ìwòsàn kò lè bára mu láé. Alágbàfọ̀ márùn-ún kò lè sọ ohun tí yóò dààmú akọ̀wé owó ilé ìwòsàn.

Àtúnṣe tí ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde kì í sábà pọ̀. Fún àṣìṣe òdo mẹ́ta yẹn, wọ́n lè kọ “,000” mọ́ ìdí àpótí tí a ó kọ owó sí, kí ojú rí iye náà lódindi. Èyí tí ó gba ọgbọ́n ni ìkìlọ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá kọ̀ láti lọ síwájú nítorí àpótí kan tó ṣófo, ẹni tí kò mọ ìdáhùn yóò kọ 0 kí ó lè kọjá, ìjọba yóò sì gba 0 náà bí òótọ́. Ó sàn kí fọ́ọ̀mù béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ó dá a lójú, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ.

Nílé níbí ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn oníṣòwò wa kì í fọwọ́ ara wọn kọ fọ́ọ̀mù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba bá gbé jáde. Ọmọkùnrin tó wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni wọ́n ń fún lówó kí ó bá wọn kọ ọ́, orí fóònù ni ẹlòmíràn sì ti ń gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tí yóò bá dán irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wò ní tòótọ́, ẹ̀gbẹ́ ọmọkùnrin yẹn ni yóò lọ jókòó sí.