Ẹ̀yìn Dìkódà Ilé-iṣẹ́ Amóhùnmáwòrán

A mọ̀ọ́mọ̀ kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí sí yín ni, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Wáyà láti ara dìṣì ń wọlé. Àwòrán àti ohùn ń jáde.

Ẹ wo àwọn ihò roboto onírin tí wọ́n ń pè ní BNC. A ó ti wáyà bọ̀ ọ́, a ó yí i díẹ̀ kó há, kò sì ní tètè yọ bí ẹnikẹ́ni bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ. Ibí ló gba ìṣọ́ra jù. Lára àwọn ihò yìí, èyí tí a kọ SDI sí ń gbé àwòrán tí ẹ̀rọ ti tú sílẹ̀. Èyí tí a kọ ASI sí ń gbé àwòrán tó ṣì wà ní fífúnpọ̀, tí ọ̀pọ̀ ìkànnì lè jọ wà nínú rẹ̀. Irú ihò kan náà, irú wáyà 75 ohm kan náà. Fún àwòrán SD, 270 mẹ́gábíìtì ni àwọn méjèèjì ń gbé ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá ṣì wọ́n mú, wáyà á wọlé wẹ́kú, ṣùgbọ́n àwòrán kò ní jáde. Àkọlé ara ihò nìkan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ojú.

Ihò XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà fún ohùn. Ẹsẹ̀ 2 àti 3 ń gbé ohùn kan náà, ọ̀kan ní òdìkejì èkejì, kí ariwo tó bá kó wọ wáyà lọ́nà lè pa ara rẹ̀ rẹ́.