Máṣíìnì Tó Ń Kú Bí Ó Bá Ti Gbóná

Ọ̀rọ̀ máṣíìnì la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, nítorí pé owó tí a yá ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi rà á, yálà ẹ ń fi í gbé èrò ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, tàbí ẹ ń fi í kó kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko wọ Oǹdó. Bí máṣíìnì bá dúró, owó tí a ń san padà lóṣooṣù kì í bá a dúró.

Àìsàn kan wà tó ń dààmú ènìyàn jù. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ fi ẹsẹ̀ ta á, ó ti dún. Ẹ gbéra ní Àkúrẹ́, ó ń sáré geere. Kí ẹ tó dé Ọ̀wẹnà, ó kú. Ẹ ta á títí, kò dáhùn. Ẹ jókòó sábẹ́ igi fún bí ìṣẹ́jú 15, ẹ tún ta á, ó dún bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Nígbà tí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, àìsàn ti sá pamọ́. Ibẹ̀ ni ìnáwó ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹ ra púlọ́ọ̀gì, ẹ ra kàbúrétọ̀, ẹ ra kọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. A kò bú mẹkáníìkì o. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ ni wọ́n ní kó wò.

Ojú ẹsẹ̀ tó bá kú, kó tó tutù, ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tì í kúrò lójú títì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń mu sìgá súnmọ́ yín.

Ìdérí táǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Bí eruku bá dí i, tàbí tí ẹ fi ọ̀rá dí i nítorí òjò, epo kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ gbọ́ "fìì", tí máṣíìnì sì dún láìpẹ́, ẹ ti rí i nìyẹn. Ooru kò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀. Ìrìn tó mú un gbóná náà ló lo epo inú kàbúrétọ̀ tán. Ẹ fọ ihò náà, ó parí.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ dé táǹkì padà, kí ẹ wá wo iná. Ẹ máa mú púlọ́ọ̀gì kan tó dára dání. Ẹ yọ orí wáyà kúrò lára ti inú ẹ́ńjìnnì, ẹ fi bọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e lé irin ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí táǹkì, kí ẹ ta á. Bí kò bá ṣáná rárá, tó sì jẹ́ pé iná á padà bó bá tutù, kọ́ìlì, CDI tàbí wáyà wọn ni kí ẹ fura sí. Wáyà inú kọ́ìlì tó bá ti já lè ya kúrò lára ara wọn nínú ooru. Bó bá tutù, wọ́n á tún kanra. Ìdí nìyẹn tí irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ fi ń yege ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀.

Ti tápẹ́ẹ̀tì ló dùn wá jù, nítorí ọwọ́ ara wa la fi ń fà á. Ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì pariwo; a ó ní kí mẹkáníìkì bá wa fún un pọ̀ kó lè dákẹ́. Ṣùgbọ́n irin a máa gùn sí i bó bá gbóná. Bí kò bá sí àlàfo fún un, fáàfù kò ní lè padé dáadáa, afẹ́fẹ́ tí písítìnnì ń tẹ̀ á máa jò jáde. Ẹsẹ̀ yín ni yóò sọ fún yín: bí ẹ bá ta á nígbà tó gbóná, á fúyẹ́ ju ti àárọ̀ lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fáàfù á jóná, ìnáwó ńlá sì nìyẹn. Honda CG125, tó jáde ní 1976, tí àwọn ará Ṣáínà ti ṣe oríṣiríṣi àwòkọ rẹ̀, mílímítà 0.08 ni àlàfo rẹ̀, ìgbà tó bá tutù la sì ń wọ̀n ọ́n. Bajaj kì í ṣe Honda. Ìwé tirẹ̀ ni kí wọ́n tẹ̀ lé. Ariwo "tìkì-tìkì" díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó kan kàbúrétọ̀. Ẹ ò tíì gbàgbé epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022. Ẹ tú ìdè kékeré tó wà nísàlẹ̀ kàbúrétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ gbe epo náà sínú ìgò funfun. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ìgò ni yóò dúró sí.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má kàn sọ pé "ó ń kú". Ẹ sọ iye ìṣẹ́jú tó fi ṣiṣẹ́ kó tó kú, bóyá ó ṣáná, bóyá ìdérí ṣe "fìì", àti bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ yín. Kí mẹkáníìkì sì gùn ún títí yóò fi gbóná, kó tó dárúkọ ohun tí ẹ máa rà.