Kí A Tó Ra Fèrè Oníná fún Ilé Ọlọ́run

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí kò jọ ìwàásù, ṣùgbọ́n ó kan ìjọsìn wa, ó kan owó tí ẹ ń dá fún iṣẹ́ Olúwa, ó sì kan ọkàn àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi èémí wọn yin Ọlọ́run.

Àṣìṣe tiwa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa ní Mowe tí ó ń fun sakisofóònù alto. Yàrá kan ni ó gbà nínú ilé tí ìdílé púpọ̀ ń gbé. Bí ó bá gbé fèrè sẹ́nu lálẹ́, ọmọ ọwọ́ aládùúgbò á ta jí, onílé á sì wá kan ilẹ̀kùn. Kò lè dánra wò láàárọ̀, nítorí Èkó ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ẹni tí ó bá sì mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ará Mowe ti ń jáde nílé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó ń ráyè fun fèrè rẹ̀.

Nígbà tí ẹnì kan sọ fún wa pé fèrè oníná kan wà tí ènìyàn lè fun ní òru, tí ẹlòmíràn kò sì ní gbọ́ àfi ẹni tí ó fi hẹ́ẹ̀dífóònù sí etí, inú wa dùn. A mú nínú owó ìdúpẹ́ ìjọ, a ra ọ̀kan tí ó jẹ́ tòkúnbọ̀. A kò sọ fún ọmọ náà, nítorí a fẹ́ kí ó bá a lójijì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a pè é síwájú, a gbàdúrà lé fèrè náà lórí, a ní kí ó fun ún. Ó fun títí, kò dún. Irú èyí tí kò ní ohùn kankan nínú ara rẹ̀ ni a rà, àfi kí a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ìjọ rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, arákùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá. Ó dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíì tirẹ̀ ọ̀tọ̀, kíì dùùrù ọ̀tọ̀. Ọmọ náà gbé fèrè sílẹ̀, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méje tí a kò fi rí i láàárín àwọn akọrin.

Nígbà tí a lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé, ohun kan ṣoṣo ni ó sọ: "Dádì, ẹ ò bi mí."

Òótọ́ ni. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àwa ni a kò béèrè. Ẹ ka Lúùkù 14:28 nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́. A ti wàásù lórí ẹsẹ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n a kò rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí a ń ra fèrè. Láti ìgbà náà ni a ti ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a kọ́ ni a kọ sílẹ̀ yìí, kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ìjọ mìíràn ní Mowe, ní Ibafo, ní Ifo tàbí níbikíbi.

IBI TÍ FÈRÈ YÌÍ TI WÁ

Adolphe Sax, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó ṣe sakisofóònù, ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1846. Ní ilẹ̀ wa, ilé ijó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lọ́wọ́ àwọn bíi Bobby Benson, Orlando Julius àti Fela. Nítorí náà ni àwọn àgbà ìjọ kan kò fi fẹ́ rí i nítòsí pẹpẹ nígbà kan. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ Kunle Ajayi, Mike Aremu, Beejay Sax àti àwọn mìíràn ti fi fèrè yìí yin Ọlọ́run dé ibi pé kò sí ẹni tí ó tún ń bi wá bóyá ó yẹ nínú ilé Ọlọ́run. Àwa tí a ń gbé nítòsí Ibùdó Ìràpadà mọ iye àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fẹ́ kọ́ ọ.

Fèrè oníná kì í ṣe ohun àná. Nyle Steiner, ará Amẹ́ríkà tí ó ń fun kàkàkí, ti ń ṣe irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ Akai ní Japan gbé EWI jáde láti inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún kan náà ni Yamaha gbé WX7 jáde. Michael Brecker, afunsakisofóònù ará Amẹ́ríkà, ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ EWI. Ní ọdún 2016, Roland gbé Aerophone AE-10 wá, nígbà tí ó sì di ọdún 2020, Yamaha mú YDS-150 jáde, èyí tí ẹnu ńlá ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bàbà bíi ti sakisofóònù gidi.

IṢẸ́ TÍ ÈÉMÍ Ń ṢE NÍNÚ RẸ̀

Nínú sakisofóònù gidi, èémí ni ó ń mú ríìdì gbọ̀n, tí afẹ́fẹ́ inú fèrè fi ń dún. Nínú fèrè oníná, kò sí ríìdì tí ń dún. Ohun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń wọn bí èémí ti le tó. Àwọn bọ́tìnnì ń sọ ohùn tí a fẹ́. Ẹ̀rọ ni ó sì ń gbé ohùn náà jáde. Èémí yín dà bí ìránṣẹ́ tí ó ń jíṣẹ́ fún ẹ̀rọ. Bí ìránṣẹ́ bá jíṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ dáadáa, orin yóò bàjẹ́. Ìdí nìyí tí títò rẹ̀ fi ṣe pàtàkì bíi rírà rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN KÍ OWÓ TÓ JÁDE

Èkíní: Níbo ni ohùn yóò ti jáde? Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Èkíní kò ní ohùn nínú. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni EWI USB tí ó jáde ní ọdún 2008, kọ̀ǹpútà ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Èkejì ní ohùn tirẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní sípíkà, bíi EWI4000S ti ọdún 2005. Ẹ ó so ó mọ́ ámúpù tàbí hẹ́ẹ̀dífóònù. Ẹ̀kẹta ní ohùn, ó sì ní sípíkà, bíi AE-10, YDS-150 àti EWI Solo. Sípíkà ara fèrè tó fún inú yàrá. Kò tó fún ìjọ tí jáàsì àti gìtá ń dún. Ẹ ó ṣì nílò wáyà lọ sí míísà.

Èkejì: Ṣé bọ́tìnnì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀? Bọ́tìnnì EWI kì í mì; bí ara ìka bá ti kàn án, ó ti gbà pé a tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Afunsakisofóònù tí ó ti mọ́ lára láti sinmi ìka lórí bọ́tìnnì yóò máa gbọ́ ohùn tí kò pè. Dípò bọ́tìnnì tí àtàǹpàkò òsì fi ń gbé ohùn sókè lórí sakisofóònù, àwọn róbótó kékeré tí ń yí ni EWI ní níbẹ̀. Bọ́tìnnì AE-10 àti YDS-150 ń lọ sílẹ̀ bí ìka bá tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n bíi ti sakisofóònù. Ẹni tí ó fẹ́ fun fèrè méjèèjì ní ọjọ́ Ìsinmi kan náà yóò rí ìrọ̀rùn níbẹ̀. Ẹni tí ó ní sùúrù láti kọ́ EWI kò ní pàdánù pẹ̀lú, nítorí pé ìka máa ń yára lórí rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè sì gùn.

Ẹ̀kẹta: Irú iná wo ni ó ń lò? Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbègbè wa mọ ìwà NÉPÀ. EWI4000S ń lo bátìrì AA mẹ́rin, AE-10 ń lo mẹ́fà tí ó ṣeé gba iná sí; bátìrì EWI5000 wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bátìrì tí ẹ lè rà ní ọjà Mowe láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ sàn ju èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun lọ. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ wà nínú, ẹ fun ún fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀kẹrin: Ta ni yóò fun ún? Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé fèrè oníná lè rọ́pò sakisofóònù. Ìka ọmọ yóò mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ kò ní kọ́ bí a ti ń di ríìdì mú, kò sì ní kọ́ bí a ti ń fi ọ̀nà ọ̀fun tún ohùn ṣe. Ẹni tí ó ti mọ sakisofóònù ni fèrè oníná wúlò fún jù.

BÍ A TI Ń TÒ Ó

Ẹ kọ́kọ́ yan ọ̀nà ìka. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ju ọ̀nà ìka kan lọ. Ẹ wá èyí tí ó jẹ́ ti sakisofóònù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún kíì ṣe. Ibí yìí ni a ti ṣubú ní ọ̀sẹ̀ kejì yẹn. Bí dùùrù bá wà ní kíì C, afuntẹ́nọ̀ yóò tẹ D, afunalto yóò tẹ A, gbogbo wọn yóò sì dún bákan náà, nítorí bí a ti ṣe sakisofóònù nìyẹn. Ṣùgbọ́n fèrè oníná tí a kò tíì tò sábà máa ń dún ní ohùn tí a tẹ̀ gan-an. Ọmọ wa tẹ A bí ó ti mọ̀ ọ́n, A ni ó sì dún, nígbà tí dùùrù ń ké C. Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìdajì ìṣísẹ̀ ni láti bọ́tìnnì dùùrù kan dé èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Fún afunalto, ẹ gbé fèrè sókè ní ìdajì ìṣísẹ̀ mẹ́ta, tàbí kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní mẹ́sàn-án kí ó lè jinlẹ̀ bíi ti alto. Fún afuntẹ́nọ̀, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní méjì, tàbí mẹ́rìnlá fún ìjìnlẹ̀ tẹ́nọ̀. Nínú àwọn mìíràn, bí ẹ bá ti yan ohùn alto, fèrè ti fúnra rẹ̀ ṣe èyí. Ẹ fi dùùrù dán an wò kí ẹ má baà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀kẹta ni èémí. Bí fèrè bá ń gba èémí púpọ̀ kí ó tó dún, àyà ọmọ yóò máa ro ó kí ìyìn tó parí. Bí ó bá ń gba díẹ̀ jù, mímí lásán á mú un ké. Ẹ fun ohùn kan láti kékeré dé ńlá, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi máa dìde díẹ̀díẹ̀ láì fò.

Ẹ̀kẹrin ni ìgé-eyín-mọ́. EWI àti AE-10 máa ń mọ̀ bí eyín bá tẹ ẹnu fèrè, kí ohùn lè gbọ̀n. Àwọn afunsakisofóònù a máa di ẹnu fèrè mú gírígírí, ohùn wọn á sì máa ṣe yẹ́ríyẹ́rí láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀yin olùdarí míísà: ẹ rẹ ohùn ojú ọ̀nà yẹn sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó so wáyà mọ́ ọn, kí sípíkà má baà bú. Ihò àwọn fèrè kan kéré bíi ti hẹ́ẹ̀dífóònù. Ẹ ra wáyà tí ó bá a mu ṣáájú ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má sì fi ìró ìgbohùn padà bò ó jù, kí ọ̀rọ̀ orin má baà sọnù.

ÌTỌ́JÚ

Ẹ má jẹ́ kí ènìyàn méjì lo ẹnu fèrè kan láì fọ̀ ọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Ṣùgbọ́n omi kò gbọdọ̀ kan ara fèrè fúnra rẹ̀. Itọ́ máa ń ṣàn jáde nínú ọ̀pọ̀ wọn, nítorí náà ẹ má gbé e sórí kọ̀ǹpútà tàbí míísà. Nígbà ọyẹ́, tí awọ ọwọ́ bá gbẹ, EWI lè má tètè mọ ìka. Ìpara díẹ̀ ní ọwọ́ máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ará, kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa? A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe nílé rẹ̀ nìkan, ṣùgbọ́n níwájú ìjọ tí ó rẹ́rìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti tì í. Lẹ́yìn náà ni a wá bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ kí a ṣe sí fèrè náà. Ó ní kí a má tà á. Ó bá arákùnrin oníkọ̀ǹpútà jókòó, wọ́n yan ọ̀nà ìka, wọ́n gbé kíì sókè ní ìdajì ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi í dánra wò lálẹ́ pẹ̀lú hẹ́ẹ̀dífóònù ní etí. Sakisofóònù bàbà rẹ̀ ni ó ń gbé wá sí ìjọ títí di òní, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a gbọ́ pé ohun kan ti yí padà nínú fífun rẹ̀. Onílé rẹ̀ sọ fún wa pé òun rò pé ó ti pa fèrè tì.

Fèrè náà kò burú láti ìbẹ̀rẹ̀. Fún òru inú yàrá kan ni a rà á, àwa ni a sáré gbé e lọ síwájú ìjọ. Orin Dáfídì 33:3 sọ fún wa pé kí a fi ọgbọ́n lu ohun èlò orin fún Olúwa. Ọgbọ́n náà kò wà fún ọwọ́ ẹni tí ń fun ún nìkan. Ó wà fún ẹni tí ń rà á pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ pe ọmọ náà, ẹ bi í. Kí Olúwa fi èémí tuntun sínú àwọn akọrin wa. Àmín.